Àpótí ni, tàbí agbo ilé? Lórí iṣẹ́ ọnà ilé kọ̀ǹpútà olówó ńlá

Nígbà tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí Faransé ń pè ní boîtier, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ṣábẹ dábàá pé kí a pè é ní pósí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó rí: irin dúdú tí a kàn pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ wo inú rẹ̀.

Àwọn oníṣọ̀nà kan kò gba èyí. Alumíníọ́mù àti gíláàsì ni wọ́n fi ń kọ́ ilé fún kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ sì lè ju ti ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ wọn wò, nítorí orúkọ tí a bá sọ nǹkan ló ń sọ ohun tí a óò máa retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Level 10 ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Thermaltake ti Taiwan àti DesignworksUSA, tí í ṣe ti BMW, ló jọ gbé e jáde ní 2009. Kò sí àpótí níbẹ̀ rárá. Òpó kan dúró bí ògiri, wọ́n sì so àwọn yàrá mọ́ ọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún pátákó ńlá tí ọpọlọ ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀rọ tó ń pín iná, àwọn kéékèèké fún dísìkì. Ooru ẹnìkan kì í yọ ẹnìkejì lẹ́nu. Agbo ilé gan-an nìyí, bí èyí tí a mọ̀ ní Kétu: olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀, ògiri kan ló so wọ́n pọ̀. Ó wúwo o, ó lé ní 20 kílò, eruku sì rí igun púpọ̀ sá pamọ́ sí. Èmi kò ní fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò máa nù ún. Síbẹ̀, inú iṣẹ́ tó ń ṣe ni ẹwà rẹ̀ ti jáde.

Ọ̀nà mìíràn ni In Win, tí òun náà wá láti Taiwan, gbà. Gíláàsì ni tòu wọn. Irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti gé e, kí wọ́n lu gbogbo ihò rẹ̀ tán, kí wọ́n tó fi iná tó lé ní 600 digírì yán an, kí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tù ú lójijì. Bí ẹnikẹ́ni bá tún lu ihò sí i lẹ́yìn ìyẹn, yóò fọ́ yángá. Mo júbà ọwọ́ tó mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gíláàsì kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, ooru ni ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà jà jù. H-Tower wọn tún ní mọ́tò tó ń ṣí i sílẹ̀ bí òdòdó. Ìran ni, ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè wò ó.

CaseLabs ti Kalifóníà ni ọkàn mi fà mọ́ jù. Ẹni tó ra tiwọn lè pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kó fi àjà kún un tó bá yá. Ní oṣù kẹjọ 2018 wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní owó ibodè Amẹ́ríkà ti sọ alumíníọ́mù di ọ̀wọ́n, oníbàárà ńlá kan sì jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ní Kùtọnù, ní BloLab, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń to ògbólógbòó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sínú bídọ̀n. Jerry ni wọ́n ń pè é. Faransé ni èrò náà ti wá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi tálákà bá olówó wí: rọ́bà kì í gba ooru jáde bí irin. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ló ń gé e, ọwọ́ ìgbámú ti wà lórí rẹ̀, ẹni tó tò ó lè tú u. Orúkọ bídọ̀n náà kò sì kúrò lára rẹ̀.

Nítorí náà, ilé kọ̀ǹpútà ni kí a kọ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ náà kò tíì gbà. Ó ní ti onígíláàsì ńkọ́, irú ilé wo ni kò ní fèrèsé tó ṣeé ṣí? N kò tíì rí èsì fún un.