"Kò Sí" Kọ́ Ni "A Kò Rí I": Lórí Àyẹ̀wò Kòrónà Nílé-Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ mi, púpọ̀ nínú yín ló ní ọmọ nílé-ìwé ní Ìlú Ọba. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ìwé padà ní England ní March 8, 2021, ìjọba ní kí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì máa yẹ ara wọn wò fún kòrónà nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ilà kan, máa lọ sílé-ìwé; ilà méjì, jókòó sílé. Ní November 2020, NCDC náà ti lo irú àyẹ̀wò kíákíá bẹ́ẹ̀ fún àwọn agùnbánirọ̀ wa ní àgọ́ wọn.

N kò bá ohun èlò náà jà. Èdè tí a fi ń ka èsì rẹ̀ ni mo ń bá jà. Ilà kan ni wọ́n ń pè ní "négátíìfù", àwọn òbí sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí "kò ní in." Rárá o! Ohun tí àyẹ̀wò náà sọ ni "n kò rí i." Ẹni tó wá ewúrẹ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé tí kò rí i, kò tíì lè ní ewúrẹ́ ti kú.

Ẹ wo Liverpool. Ní 2020, wọ́n fi àyẹ̀wò yìí wo àwọn tí kò ní àmì àìsàn, wọ́n sì fi PCR wò wọ́n pẹ̀lú. Nínú 10 tí PCR rí àrùn lára wọn, nǹkan bí 4 péré ni ó rí. Lóòótọ́, ó ń rí púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí kòkòrò pọ̀ lára wọn. Ìdí sì nìyẹn tí ṣíṣe é lemọ́lemọ́ fi wúlò. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wà nílé ńkọ́, tí ọmọ dì mọ́ nítorí pé ilà kan ni ó rí?

"Pọ́sítíìfù" náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní Liverpool, nínú 1,000 tí kò ní àrùn, ó ń purọ́ mọ́ nǹkan bí ẹnì kan. Ó kéré, àbí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọmọ 10,000 ni, tí 10 ní àrùn. Yóò mú 4 nínú wọn, yóò sì mú nǹkan bí 10 tí kò ní nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ 500 ló ní in, yóò mú 200, àwọn tí a purọ́ mọ́ kò sì ní ju 10 náà lọ. Àyẹ̀wò kan náà ni. Bí àrùn ṣe pọ̀ tó nílùú ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ilà méjì, ẹ lọ ṣe PCR. Ilà kan, ẹ sọ fún ọmọ pé "a kò rí i lónìí." Bí ó bá ń wúkọ́, kó jókòó sílé.