Ìfẹ́ Abẹ́lẹ̀ Nínú Ìwé Ìtàn Àròsọ

Bí mo bá mú ìwé ìtàn àròsọ tó dá lórí ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin, ìyá ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bóyá ó ń se ọbẹ̀ ni o, bóyá ó ń ka Bíbélì ni o, bóyá ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri ìgboro ni o, ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé mọ ilé tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ìwé tó gbà mí lọ́kàn jù nínú èyí tí mo kà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, inú ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé náà ni wọ́n sì jókòó sí. Àwọn tí kò wọ̀ mí lára, ìgboro ni wọ́n sáré gbé ọ̀rọ̀ lọ kí n tó mọ ẹni tó ń sùn nínú yàrá.

Akotogbo ni mo ti kà wọ́n, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè, níbi tí ọ̀pẹ, rọ́bà àti ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Orí fóònù ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ó pẹ́ tí apá gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìsí iná mànàmáná, gbogbo ẹni tó ń gbé láti Òkìtìpupa dé Igbókòdá ló sì mọ bí a ṣe ń ṣọ́ bátìrì lò. Ẹni tó ń kàwé báyìí kì í ní sùúrù fún àsọdùn. Bí ojú ìwé mẹ́wàá bá kọjá tí kò sí èèyàn kan tí mo lè dá mọ̀ ní ìrìn àti ní ohùn, mo ti pa fóònù náà nìyẹn.

N kò lè sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé wọ̀nyí kí n má mẹ́nu ba òfin. Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó fi ìfẹ́ náà hàn ní gbangba. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn òǹkọ̀wé yìí fẹ́ gba ojú rere òyìnbó ni wọ́n ṣe ń kọ ohun tí wọ́n ń kọ. N kò gbà. Ọdún 2005 ni Jude Dibia ti tẹ Walking with Shadows jáde ní Èkó, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú òfin náà, nígbà tí kò sí ẹni tó ń retí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí òfin dé, ó kúrò nílùú, ó sì lọ ń gbé ní Sweden. Owó ìgboyà rẹ̀ nìyẹn.

Lóòótọ́, irú èèyàn báyìí ti yọjú nínú ìwé wa ṣáájú rẹ̀. Nínú The Interpreters tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1965, a rí Joe Golder, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó sì tún jẹ́ olórin. Ṣóyínká kò fi í ṣẹ̀sín. Ó jẹ́ kí a rí ìdánìkanwà rẹ̀ àti ìbẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni ó fi í ṣe, bí ẹni pé ọkọ̀ òfuurufú ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ̀lú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì já bọ́ láti òkè ilé rẹ̀, ó kú. Ogójì ọdún ló kọjá kí Dibia tó fi ọmọ ilé ṣe olú ẹ̀dá ìtàn.

Adrian ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ó ní ìyàwó, ó bímọ. Ẹni kan tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ìbínú tú àṣírí rẹ̀ fún ìyàwó. Kí n sọ tòótọ́, gbólóhùn Dibia gbẹ níbi púpọ̀. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ a máa ṣàlàyé ara wọn fún ara wọn bí ẹni ń jẹ́jọ́ ní kóòtù, ibi tí wọ́n sì ti mú Adrian lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ kí wọ́n fi ẹgba lé nǹkan jáde lára rẹ̀ yẹ kó gùn ju bó ṣe rí lọ. Ohun tó gbé ìwé náà ró fún mi ni Ada, ìyàwó rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sọ ọ́ di òṣìkà, kò sì ní kó dárí jì ní wàràwàrà. Obìnrin tó ti fi ọdún pípẹ́ gbé pẹ̀lú ọkọ, tó wá mọ̀ lọ́jọ́ kan pé òun kò mọ ẹni tó ń sùn ti òun, ìbínú rẹ̀ tọ́. Ìrora Adrian pàápàá tọ́. Àwọn méjèèjì ni ìwé náà gbà láyè, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tó fi ṣeé gbé sórí sinimá ní 2019, nígbà tí Fúnmi Ìyàndá ṣe olóòtú rẹ̀.

Under the Udala Trees ti Chinelo Okparanta, tó jáde ní 2015, ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Igi àgbálùmọ̀ ni igi tí àkọlé náà ń sọ. Ogun Bíáfúrà ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà: bọ́ǹbù pa bàbá Ijeoma, ìyá rẹ̀ kò lè dá ìyà ogun gbé pẹ̀lú ọmọ, ó rán an lọ gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní Nnewi. Ibẹ̀ ló ti pàdé Amina, ọmọ Hausa tí ogun sọ di aláìní. Àwọn ọmọ méjì tí kò ní ẹnìkan rọ̀ mọ́ ara wọn, títí wọ́n fi ká wọn mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni apá tó dára jù lọ nínú ìwé náà. Ìyá mú ọmọ rẹ̀ wálé sí Aba, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò nà án, kò lé e jáde. Ìwé Mímọ́ ló ṣí síwájú rẹ̀, wọ́n ń kà á láti Jẹ́nẹ́sísì. Ọmọ ń béèrè ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dé orí ìtàn Sódómù, ó fẹ́ mọ irú bàbá tí yóò fi ọmọbìnrin rẹ̀ lé àwọn jàǹdùkú lọ́wọ́ kí àlejò lè rí ìgbàlà. Nígbà tí wọ́n dé ìwé Àwọn Onídàájọ́, sórí ìtàn ará Léfì tó ti àlè rẹ̀ síta fún àwọn ọkùnrin ìlú títí ilẹ̀ fi mọ́, ìbéèrè náà le sí i. Ìyá kò ní èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún ẹsẹ náà kà, ó gbé ohùn sókè, ó ní kí wọ́n gbàdúrà. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé onígbàgbọ́ nílẹ̀ wa mọ ohùn yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Okparanta kò fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́ rárá: a rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á, pé ọkọ rẹ̀ ti kú, pé ọmọ kan ṣoṣo yìí ló kù tí òun lè gbà là. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wá rọ̀ ní ìgbẹ̀yìn, mo gbà á gbọ́, nítorí mo ti bá a jókòó níbi tó ti ń jà.

Àbùkù rẹ̀ wà. Láti ìgbà tí Ijeoma ti fẹ́ ọkùnrin tó ń jẹ́ Chibundu ni ìwé náà ti ń sáré. Ìgbéyàwó tí kò dùn a máa falẹ̀ ni, ọjọ́ kan á gùn bí oṣù kan, òǹkàwé sì yẹ kó rí bí ó ṣe ń falẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìparí tó mẹ́nu ba òfin 2014 kò sì pọn dandan fún ẹni tó ti ka ìtàn náà dé òpin. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ka ẹyọ kan péré nínú gbogbo wọn, èyí ni màá fi lé e lọ́wọ́.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni Akwaeke Emezi ti sọ ọ́ nínú The Death of Vivek Oji, ti ọdún 2020, pé ọjọ́ tí ọjà jóná ni Vivek kú. Wọ́n bá òkú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn òbí rẹ̀, aṣọ akwete ni wọ́n fi wé e. Kavita, ìyá rẹ̀, ọmọ Íńdíà tó fẹ́ ọkọ síhìn-ín, ló wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀, tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Kò sí ìyá tó dùn mí tó o nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí. Ọjọ́ tí ìyá àgbà kú ni wọ́n bí Vivek, àpá tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà sì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Yorùbá èyíkéyìí tó bá ka èyí á ti mọ ẹni tó padà wá, bẹ́ẹ̀ Vivek jẹ́ kí irun rẹ̀ gùn, ó fẹ́ wọ aṣọ obìnrin, ó ní orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Àmì ti wà lára rẹ̀ látilẹ̀. Àwọn tó yẹ kó kà á ni kò kà á.

Ohun kan ni n kò lè gbé mì nínú ìwé náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Vivek ni Osita tí wọ́n jọ ń fẹ́ra. Lọ́dọ̀ wa, èèwọ̀ ni kí ọmọ ilé kan náà fẹ́ra wọn, ìbáà jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin. Mo mọ̀ pé òǹkọ̀wé fẹ́ kí àṣírí náà wúwo, ṣùgbọ́n ó fi ẹrù méjì lé ẹnì kan lórí, mi ò sì mọ èyí tí mo ń bá a sọ̀kalẹ̀ nígbà mìíràn.

Ikú náà ń kọ́? Ó pọ̀ jù nínú irú ìwé wọ̀nyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ṣóyínká kú. Nínú ìwé Okparanta, wọ́n dáná sun obìnrin kan lára àwọn tó ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lóru ní Aba. Vivek kú. Àwa ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ ìtàn Ayélála, ẹrúbìnrin tí wọ́n fi rúbọ kí ìjà lè parí láàrin Ìlàjẹ àti Ìjọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin kan ló lọ bá ìyàwó oníyàwó lò. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló kú kí àwọn yòókù lè padà bá ara wọn jẹun. Nígbà tí mo bá ń ka ìwé tó pa irú ẹ̀dá yìí kí ìdílé lè sunkún kí wọ́n sì túnra wọn ṣe, ìtàn náà ni mo máa ń rántí, inú mi kì í sì í dùn. Ti Emezi nìkan ni mo yọ̀ǹda fún, nítorí bí ikú náà ṣe wáyé, tí n kò ní sọ fún ẹni tí kò tíì kà á, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sùn ní àlàáfíà.

Eloghosa Osunde fi Èkó ṣe òòṣà nínú Vagabonds! (2022), ó sì fún un ní ìránṣẹ́ kan, Tatafo, tó ń ròyìn fún wa. Ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀, ohùn inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí etí mi lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. When We Speak of Nothing ti Olumide Popoola, tó mú ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Karl láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Port Harcourt, tù mí lára nítorí pé Karl ní ọ̀rẹ́ tòótọ́, Abu, tí kò bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀.

Arinze Ifeakandu ló mọ̀ ọ́n kọ jù nínú gbogbo wọn. Ìtàn mẹ́sàn-án ló wà nínú God's Children Are Little Broken Things, ìwé tó gba ẹ̀bùn Dylan Thomas ní 2023. Kì í kánjú. Nínú ìtàn kan, Auwal, oníṣòwò kékeré ní Kano tó ti níyàwó, bẹ̀rẹ̀ sí í bá olówó kan tó ń jẹ́ Chief Emeka rìn, owó sì wọ àárín wọn débi pé ẹnikẹ́ni kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìfẹ́ ni tàbí pé àìní ni. Ifeakandu kò bá wa yàn. Nínú ìtàn mìíràn, bàbá kú, ọmọbìnrin rẹ̀ wálé sí Èkó, ó sì bá ọkùnrin tó ti ń bá bàbá náà gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Opó ni ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é bẹ́ẹ̀? Mo ronú nípa ìsìnkú tiwa: orúkọ ọmọ, àna àti ọmọ-ọmọ a wà lórí ìwé ètò, aṣọ ẹbí a wà fún tilétoko, ẹnìkan á sì jókòó sí ìpẹ̀kun ìsọ̀ kánópì tí wọ́n kàn ń pè ní ọ̀rẹ́ olóògbé. Kò sí ẹni tó máa kí i kú ọ̀fọ̀ lọ́nà tó yẹ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yẹn ni mo ti ń wo ìpẹ̀kun kánópì ní òde ìsìnkú. Ẹjọ́ tí mo bá Ifeakandu ṣe kò ju ọ̀kan lọ: ìyàwó Auwal kò rí àyè tó láti sọ̀rọ̀. Ada ti Dibia ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ wo ilé tí Dibia, Okparanta, Emezi àti Ifeakandu kọ ìtàn sí: ilé Ígbò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn sì fi kọ ọ́. N kò tíì ka ọ̀kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ, tí ilé Yorùbá wà nínú rẹ̀ láti ìlẹ̀kùn dé ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe pé èdè kò tó. Nínú Ó Le Kú, Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi Àjàní sáàrin ọmọbìnrin mẹ́ta, ó sì jẹ́ kí a mọ gbogbo ẹ̀dùn inú rẹ̀, ìjowú, ẹ̀tàn àti àbámọ̀, láìfi èdè òyìnbó ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kọ èyí tí mò ń wá. Kó fi í sílẹ̀ Ìkálẹ̀ bó bá wù ú, sínú ilé kan tí wọ́n ti ń yan púpùrú lórí iná, kí ìyá ibẹ̀ máa lọ sí ìpàdé àdúrà, kó sì tún máa bẹ̀rù Ayélála. Kí ọmọ rẹ̀ sọ òótọ́ fún un ní ojú ìwé ogún, kí ìwé náà sì ku igba ojú ìwé tí wọ́n á fi jọ máa gbé.