Káńsẹ́lọ̀ Tó Mọ Iye Ilé Tó Ń Fẹ́

Ní oṣù kẹta ọdún 1982, Charles Haughey fẹ́ di olórí ìjọba ilẹ̀ Ireland, ṣùgbọ́n ìbò rẹ̀ kò tó. Àga 166 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí wọ́n ń pè ní Dáil, Fianna Fáil, ẹgbẹ́ Haughey, sì mú 81. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí ìbò tó ń wá wà lọ́wọ́ wọn ni Tony Gregory, olùkọ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Dáil. Káńsẹ́lọ̀ ìlú Dublin ni, láti 1979.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn àdéhùn tí àwọn méjèèjì ṣe, owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn. Ojú tèmi kì í kúrò lára àwọn nọ́ńbà kéékèèké inú rẹ̀. Ilé 440 ní àgbègbè ìdìbò Gregory, ilé 1,600 sí i káàkiri Dublin. Iṣẹ́ 3,746 láàárín ọdún mẹ́ta. Ilẹ̀ 27 éékà létí omi, tí ìjọba yóò gbà lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó èbúté. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe bébà ní Clondalkin, tí ìjọba yóò gbà bí ẹlòmíràn kò bá lè gbà á là. Ẹ wo 3,746 yẹn dáadáa. Olóṣèlú tó ń wá àtẹ́wọ́ ì bá sọ pé 4,000, kí ó sì kọjá lọ. 3,746 fi hàn pé ẹnì kan ti jókòó ṣírò, àti pé ó ń retí ọjọ́ tí wọn yóò padà wá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Káńsẹ́lọ̀ ló ń kọ̀wé báyẹn. Agbára káńsẹ́lọ̀ kéré gan-an ní Ireland nígbà náà. Láti 1930 ni òfin ti gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìlú Dublin lé máníjà lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn. Máníjà yìí àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń pín ilé, àwọn ló ń gbéṣẹ́ fún kọngílá. Káńsẹ́lọ̀ lè jíròrò lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ó lè dìbò lórí ètò ìlú, ó sì lè béèrè ọ̀rọ̀. Kò lè gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá kan ṣoṣo lé ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ìbéèrè ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá béèrè pé ìgbà wo ni wọn yóò tún ilé àwọn èèyàn òun ṣe, wọn á ní láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dárúkọ òpópónà, tí ó sọ nọ́ńbà ilé, iye ìdílé tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ náà ti há: àfi kó dáhùn, tàbí kó parọ́ sínú àkọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé kò ṣàjèjì sí Gregory. Ballybough, lápá àríwá àárín ìlú, ni wọ́n bí i sí ní 1947. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù èbúté. Ellen, ìyá rẹ̀, ti Offaly wá sí Dublin láti máa gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà nílé oúnjẹ. Yàrá kan ṣoṣo ni ìdílé náà ń gbé. Nígbà tí wọ́n lọ bẹ káńsù fún ilé, èsì tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n padà wá nígbà tí ọmọ wọn bá pé mẹ́fà. Ọmọ méjì ni obìnrin náà bí. Ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ra ilé kékeré kan nítòsí ibẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi lé ìyá rẹ̀ padà sílé. Kò yani lẹ́nu pé ọmọ rẹ̀ kò fi nọ́ńbà ṣeré.

Nígbà tó fi di káńsẹ́lọ̀, àdúgbò náà ti ń túká. Kọ̀nténà ti dé èbúté, iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin ń fi èjìká ṣe láti ìran dé ìran sì ti pòórá. Káńsù ń wó àwọn ilé àtijọ́ ní Summerhill, ó ń kó àwọn èèyàn lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, sí Ballymun àti àwọn ibòmíràn, níbi tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni. Gregory àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò fi àáké kọ́rí pé àárín ìlú ni kí wọ́n kọ́ ilé tuntun sí fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ó du àga Dáil ní 1981, kò rí i mú. Ní oṣù kejì ọdún 1982, ó wọlé.

Ọ́fíìsì kékeré kan ní Summerhill Parade ni Haughey lọ bá a. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni àwọn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú Gregory: Noel, ọmọ ìyá rẹ̀, pẹ̀lú Fergus McCabe àti Mick Rafferty, àwọn méjì tó ti ń bá àdúgbò náà ṣiṣẹ́ tipẹ́. Kò sí lọ́yà olówó ńlá, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n bá Garret FitzGerald, olórí ìjọba tó wà lórí àga, sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gbé ohun tí àwọn méjèèjì mú wá yẹ̀ wò. Ti Haughey ló pọ̀ jù. Gregory kò wá gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní kó bọwọ́ lù ú, ó sì pe Michael Mullen, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó tóbi jù ní Ireland nígbà náà, kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, Gregory dìde nínú Dáil, ó sì ka àdéhùn náà jáde kí ó lè wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìbò. Haughey wọlé pẹ̀lú ìbò 86 sí 79.

Àwọn kan ní ó fi ìjọba ṣe ẹrú ìbò kan. N kò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbò rẹ̀ jẹun kì í ka àdéhùn rẹ̀ síta fún gbogbo ayé, Gregory kò sì gba ipò kankan fún ara rẹ̀. Haughey ni ẹjọ́ owó padà wá bá: ní 2006, ìgbìmọ̀ ìwádìí Moriarty fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ló ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò.

Ìjọba náà kò lo ọdún kan kó tó ṣubú, àwọn tó rọ́pò rẹ̀ sì fi púpọ̀ nínú àdéhùn náà sílẹ̀. Àdánù ńlá ni. Lórí ilẹ̀ 27 éékà yẹn, gbọ̀ngàn àwọn báńkì àgbáyé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ láti 1987, nígbà tí Haughey kan náà tún padà di olórí ìjọba.

Iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ kò dáwọ́ dúró. Àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ máa ń kó èso àti òdòdó sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, wọ́n á máa tà á láàárín ìgboro láìgba ìwé àṣẹ, ọlọ́pàá á sì máa lé wọn, á máa kó ọjà wọn. Gregory bá wọn jókòó sójú títì. Ilé ẹjọ́ ní kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní dá wàhálà sílẹ̀ mọ́, ó kọ̀. Ní 1986, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ẹ̀wọ̀n Mountjoy. Ọkùnrin tí kì í wọ táì lọ sí Dáil, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò fún un kò lówó táì, kò lè tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oògùn olóró heroin ń pa àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ní àwọn ọdún 1980, ó wà nínú ìpàdé àwọn òbí tó dìde sí àwọn tó ń tà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú ń yẹra. Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n gba dúkìá lọ́wọ́ àwọn olówó oògùn olóró. Ní 1996, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa akọ̀ròyìn Veronica Guerin, ìjọba dá àjọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n dìbò yàn án sí Dáil, láìní ẹgbẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2009. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn olùdìbò gbé àga rẹ̀ fún Maureen O'Sullivan, tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí òun náà kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan.