Gbígbẹ́ Kọ́, Mímọ Ni: Ère Inú Igbó Ọ̀ṣun

Àwọn aláríwísí kan a máa sọ pé Susanne Wenger ni ó gbẹ́ àwọn ère ńláńlá inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kò bá iṣẹ́ náà mu. Igi tàbí òkúta ni à ń gbẹ́. Gbígbẹ́ a máa dín nǹkan kù. Irin, amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni a fi ṣe ère wọ̀nyí. Mímọ ni a mọ wọ́n, bí ẹni ń mọ ògiri, tí à ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà sì ni Adébísí Àkànjí ń ṣe kí ó tó di oníṣẹ́ ọnà.

Ẹ wo Ìyá Mòòpó, òrìṣà àwọn amọ̀kòkò. Apá rẹ̀ nà jáde bí ẹ̀ka igi, ojú kò sì tètè rí ibi tí ara ènìyàn parí sí, tí igbó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn gbà pé Wenger ni ó ronú, tí Àkànjí kàn fi ọwọ́ ṣe é. Ìpín yìí kò tọ́. Sìmẹ́ńtì kì í dúró de ẹni tí ń ronú. Bí ó ti ń le lọ ni ọwọ́ ń pinnu bí èjìká yóò ti tẹ̀. Èrò ni ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò du Àdùnní Olórìṣà, tí ó papò dà ní 2009, ní iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò kò yé rọ̀ sórí ère wọ̀nyí. Ẹni tí yóò tún wọn ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọgbọ́n bíríkìlà wà lára ẹwà wọn. Kí olùkọ́ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: àwọn méjèèjì ni ó jọ mọ wọ́n.