Oògùn Kóró Òwú: Àríwísí lórí Èdè Ìtọ́jú Irúgbìn

Òwe tí ó sọ pé òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òwú láti ìgbà tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀ sọnù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èdè òwú Yorùbá rí. Ó lọ́rọ̀ lórí gbígbọ̀n, ríran àti híhun. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan kóró tí a fẹ́ gbìn, "oògùn" nìkan ni ó kù. (Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester tí ó fi ẹ̀rọ ìyọ-kóró ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta lẹ́yìn 1850, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: òwú ni ó ń wá.)

Iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ kan yìí gbé lérí. Irun wẹ́wẹ́ tí ó bo kóró òwú kì í jẹ́ kí omi tètè wọ inú rẹ̀, àrùn sì ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ásíìdì imí-ọjọ́ ni a fi ń jó o kúrò, irú èyí tí àwọn tí ń chájì bátìrì ọkọ̀ ní Sango ń lò, ṣùgbọ́n tí ó le jù ú lọ. A ó sì fi omi púpọ̀ ṣan kóró náà kíákíá. Bí a bá dà á sínú omi, èyí tí kò gbó yóò léfòó. Iṣẹ́ kejì ni kí a po ìyẹ̀fun bíi thiram mọ́ kóró, kí àrùn inú ilẹ̀ má baà pa ọ̀jẹ̀lẹ́ irúgbìn. Èyí ekejì ni májèlé ń bẹ lára rẹ̀ títí a ó fi gbìn ín.

Ní ọjà Ọ̀tà, "oògùn eku" ń pa eku, "oògùn ikọ́" ń lé ikọ́ lọ. Ohun tí oògùn dojú kọ ni ó ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n "oògùn kóró" kò pa kóró, kò sì lé e lọ. "Oògùn ọmọdé" ni ó jọ, ìyẹn ohun tí ń ṣeni lóore. Ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?

Ní Iraq, láàárín 1971 sí 1972, àlìkámà àti báálì tí a fi mẹ́kúrì tọ́jú fún gbígbìn di oúnjẹ. Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì ni ìkìlọ̀ ara àpò. Àwọn kan fọ aró pupa rẹ̀ kúrò, wọ́n rò pé májèlé ti bá a lọ. Ènìyàn 6,530 ni a gbà sí ilé ìwòsàn, 459 sì kú síbẹ̀. Ìkìlọ̀ tí a kọ ní Yorùbá kò ní sàn ju èyí lọ bí ó bá jẹ́ "oògùn" ni ó wà nínú rẹ̀, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé a ń fún òróró lára kóró òwú, tí ẹran ọ̀sìn sì ń jẹ èérún rẹ̀.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò gba iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́ra. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni ó dá lé. Kí a pe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní "ìjórun kóró", kí a sì pe irúgbìn ekejì ní "kóró onímájèlé". Orúkọ yìí kò dùn létí, olùtajà lè má fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun ni ó yẹ lójú àpò.