Àáró Ni Tàbí Àgbàro? Yunifásítì Wa àti Àjọṣe Òkè-Òkun

Yorùbá mọ̀ pé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ìdí sì nìyí tí èdè wọn fi ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún un. Bí ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá kó ara wọn jọ, tí wọ́n ro oko ẹnì kan lónìí, tí wọ́n sì ro ti ẹnì kejì lọ́la títí yóò fi kárí, àáró ni a ń pè é. Bí iṣẹ́ bá wọ ẹnì kan lọ́rùn, tí ó bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n wá bá òun ṣe é ní ọjọ́ kan, tí ó sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò, ọ̀wẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó ni ẹnì kan gbà lọ́wọ́ olóko kí ó tó gbé ọkọ́ lé èjìká, àgbàro ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní àyè tirẹ̀ láwùjọ. Ohun tí ó léwu ni kí ènìyàn máa ṣe àgbàro, kí ó sì máa fọ́nnu pé àáró ni òun ń ṣe.

Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àròkọ yìí, kí n lè fi yẹ ohun kan wò tí ó ti di àmúyangàn ní gbogbo ọgbà yunifásítì wa, èyí tí í ṣe àjọṣe pẹ̀lú àwọn yunifásítì òkè-òkun fún ìdàgbàsókè tí ó tọ́jọ́. Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland ṣe alága fún ṣàlàyé irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ pé òun ni èyí tí ó ń pèsè fún àwọn tí ó wà láyé lónìí láìba ti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́. Ní ọdún 2015, Àjọ yìí kan náà la àfojúsùn 17 kalẹ̀ tí ó yẹ kí ayé lé bá kí ọdún 2030 tó parí. Àjọṣepọ̀ ni ó gbẹ̀yìn nínú wọn, nítorí pé òun ni a retí pé kí ó gbé àwọn yòókù ró. Kò sí ẹni tí yóò bá èrò yìí jà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí òun ń ṣe ní láti béèrè ohun mẹ́ta. Oko ta ni a ń ro? Ìgbà wo ni yóò kan tiwa? Bí àwọn alábàáṣe bá padà sílé wọn, kí ni yóò kù nílẹ̀?

Ìbàdàn àti London, Ifẹ̀ àti Wisconsin

Àjọṣe ni ó bí yunifásítì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, abẹ́ àkóso ẹ̀kọ́ Yunifásítì London ni ó wà. London ni ó ń fọwọ́ sí ìlànà ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, oyè London sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà, títí di ọdún 1962 tí Ìbàdàn di yunifásítì tí ó dá dúró. N kò ní bẹnu àtẹ́ lu gbogbo rẹ̀. Àjọṣe yìí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fojú tín-ín-rín oyè tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn. Ó sì fàyè sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún àtúnṣe, nítorí pé Kenneth Onwuka Dike àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹbẹ láti mú kí ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà di ohun tí a lè fi gboyè.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ̀ka Láàtìnì àti Gíríìkì ti wà nínú ọgbà náà. Ní àkókò kan náà, kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú Yorùbá, èdè tí gbogbo ìlú tí ó yí ọgbà náà ká ń sọ. Oko London ni a ń ro lórí ilẹ̀ Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n ro dáradára, wọ́n sì gba ìyìn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti yunifásítì pààlà kò rí nǹkan kan gbọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀nà mìíràn ni Ifẹ̀ gbà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1960, Yunifásítì Wisconsin ni ó wá bá wọn gbé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ dìde, owó ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ṣe é. Irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbà pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà lọ́rùn àwọn: kí àwọn kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn ṣe ìwádìí, kí àwọn sì gbé àbájáde ìwádìí lọ bá àgbẹ̀ lóko. Iṣẹ́ kẹta yìí ni ó fa ọ̀rọ̀ èdè wọlé, nítorí kò sí ẹni tí ó lè ṣe é ní àyíká Ifẹ̀ láìgbọ́ Yorùbá. Ó sì yẹ fún àkíyèsí pé Wisconsin fúnra rẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá ní Amẹ́ríkà. Níbi tí alábàáṣe bá ti ń kọ́ èdè olóko, àáró ti súnmọ́ tòsí.

Ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà

Àpẹẹrẹ tí ó gún régé jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1970. Institute of Education ti Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni aṣáájú, Ford Foundation láti Amẹ́ríkà sì ni ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Ìbéèrè ibẹ̀ kò le láti lóye. Bí ọmọ Yorùbá bá fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fàẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, ṣé yóò rẹ̀yìn sí ọmọ tí ó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré kí ó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì? Ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mú àwọn ilé-ìwé mìíràn kún un nígbà tí ó yá.

Owó lè ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò lè ti ibẹ̀ wá. Kò sí ìwé ìṣirò, ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí ìwé ìmọ̀ àwùjọ tí ó tó nǹkan ní Yorùbá nígbà náà. Àwọn olùwádìí ní láti jókòó kọ wọ́n, kí wọ́n sì wá orúkọ fún ohun tí olùkọ́ kò tí ì pè ní Yorùbá rí nínú kíláàsì. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ìtumọ̀ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ènìyàn tó lè sọ ohun tí ń fa òjò fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní èdè ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ní láti mọ ohun náà dénú, nítorí pé kò lè fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irú làálàá yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ èdè wa ṣe nígbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní ọdún 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé.

Àbájáde ìwádìí Ifẹ̀ wà nínú ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1989. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí a wá fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n. Tiwa ni oko, nítorí pé àwa ni a béèrè ìbéèrè náà. Tiwa ni ọkọ́, nítorí pé èdè wa ni a fi ṣe é. Alábàáṣe mú owó wá, ó sì jẹ́ kí olóko ro oko rẹ̀ bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó lọ, ìwé kù, ọ̀rọ̀ kù, ẹ̀rí kù. Ohun tí kò kù ni ìjọba tí yóò gbà á lọ́wọ́ yunifásítì kí ó sì tàn án ká gbogbo ilé-ìwé. Ford Foundation kò lé wa kúrò lóko. Àwa fúnra wa ni a sọ ọkọ́ sílẹ̀.

Ṣé gbogbo ìmọ̀ ni ó nílò èdè?

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé dandan ni kí èdè wà nínú gbogbo nǹkan. Yóò sì lè fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ẹ̀wádún 1970, kòkòrò funfun kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa oje ewé ẹ̀gẹ́ gbẹ láti agbègbè Kóńgò lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, àti àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá ọ̀tá kòkòrò náà kàn ní Paraguay. Agbọ́n tín-ín-tín kan ni. Wọ́n gbé e gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá fún àyẹ̀wò, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1981. Ó ṣe iṣẹ́ náà débi pé Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní ọdún 1995. Àgbẹ̀ kò ka ìwé kan, kò sì lọ sí ìpàdé kan, kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó yè.

Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n agbọ́n kò nílò ògbifọ̀. Ó mọ ohun tí ó ń wá, ó sì ń bí ọmọ tí yóò tẹ̀ síwájú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú ìmọ̀ tí ó lè dá ara rẹ̀ gbé káàkiri báyìí. Ìtọ́jú omi, ìtọ́jú ilẹ̀ tí ó ti ṣá, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìlò oògùn apakòkòrò, gbogbo wọn ni ó ń bèèrè pé kí ènìyàn lóye ìdí tí òun fi ń ṣe é, kí ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Èyí gan-an ni ó túmọ̀ sí pé kí ìdàgbàsókè tọ́jọ́.

Èdè inú ìwé àdéhùn

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan tí ó ń yẹ ìwé àdéhùn wò láàárín yunifásítì kan nílé àti òmíràn lókè-òkun. Iṣẹ́ náà dá lórí omi mímu ní àwọn abúlé Yorùbá. Mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba èdè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i, níbi tí wọ́n ti sọ pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹjọ́ yóò tẹ̀ lé bí ìjà bá dé. Mo béèrè pé èdè wo ni àwọn obìnrin tí ń pọn omi náà yóò fi gbọ́ àbájáde rẹ̀. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí a bá gbà láti bá wa káàkiri abúlé yóò máa túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a ronú sí. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ojú ìwé mẹ́ta ṣàlàyé, àwọn ni yóò wá Yorùbá rẹ̀ lórí ìdúró, lójú àwọn àgbà, láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣì í wí, ìwádìí ti wọ́ láti ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá wí i re, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá sílẹ̀. Nínú ìwé tí ó bá jáde, ìdúpẹ́ ni a ti lè rí orúkọ wọn bí a bá rí i rárá. Àgbàro ni èyí, àgbàro tí kò sì lówó lórí.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní ọdún 2023, wọ́n gbé Africa Charter for Transformative Research Collaborations kalẹ̀ ní ìlú Windhoek, ìwé tí ó ń bèèrè pé kí àwọn yunifásítì Áfíríkà àti ti òkè-òkun tún òdiwọ̀n agbára ṣe láàárín ara wọn. Ó ka èdè mọ́ àwọn ibi tí àìdọ́gba ti fara hàn. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè sọ fún alábàáṣe pé kí ó ka èdè wa sí nígbà tí àwa kò kà á sí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ọdún mẹ́ta pé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ni wọ́n kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ọmọ tí èdè abínibí gbilẹ̀ ní agbègbè wọn ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde àti ti àṣewọ yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ nígbà tí ìlànà náà jáde kò lè ju kíláàsì kẹrin lọ ní ọdún 2025. Ó ku ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó jókòó síwájú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ta ni a wá ń fi ẹ̀sùn àìṣedáadáa kàn?

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹ̀rí tí ó yẹ kí ìjọba yẹ̀ wò kò jìnnà. Ó wà nínú àká ìwé ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1989. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti fi owó ìjọba wọn wá sí Yunifásítì Ìbàdàn láti wá kọ́ Yorùbá, nítorí pé ìjọba tiwọn rí àǹfààní níbẹ̀. Àwa tí a ni èdè náà ń kéde pé ó ń fa àwọn ọmọ wa sẹ́yìn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn yunifásítì wa kò pọ̀. Kí a tó fọwọ́ sí àdéhùn òkè-òkun kankan tí ó kan ìgbé-ayé ará ìlú, kí ó hàn nínú rẹ̀ pé ìbéèrè ará ìlú wà lára ohun tí a fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Kí a ya owó sọ́tọ̀ fún ìwé àti ọ̀rọ̀ tuntun ní èdè ibẹ̀, kí a sì ka ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà mọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Kí a dárúkọ ẹ̀ka ìjọba tàbí ẹgbẹ́ ìlú tí yóò gba iṣẹ́ náà bí owó àlejò bá tán, kí aṣojú wọn sì wà níjókòó ní ọjọ́ ìfọwọ́síwèé. Alábàáṣe tí ó bá wá fún àáró kò ní bínú sí èyí. Èyí tí ó bá kọ̀ yóò ti jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé alágbàro ni ó ń wá, àwa náà yóò sì lè dá iye owó iṣẹ́ wa lé e.