Mélòó Ni Ó Tó?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni àwa Yorùbá fi ń bú àwọn ará Amẹ́ríkà nígbàkúùgbà tí a bá mẹ́nu ba ilé ìtọ́jú arúgbó. A óò ní wọn kò láàánú, wọ́n kó òbí wọn fún àlejò tọ́jú. Èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí, nítorí pé ó gbójú fo ohun kan. Nínú agbo ilé àtijọ́, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ó ń tọ́jú arúgbó. Ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan ti ń pọn omi ni ẹlòmíràn ń gbé e dìde, tí ẹnì kẹta ń fi ẹ̀kọ bọ́ ọ. Bí ọwọ́ kò bá pọ̀, ìfẹ́ nìkan kò lè máa yí ẹni tí kò lè dìde padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì, kí ìdùbúlẹ̀ lójú kan má baà dá egbò sí i lára.

Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: ọwọ́ mélòó ni ó wà níbẹ̀? Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1987 ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lórí ìbéèrè yìí, bí a ti ń yẹ ìwé wò, nítorí abẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn ni àbòsí máa ń fara pamọ́ sí. Òfin náà pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì tí ó gba ìwé àṣẹ ní kíkún wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 8 lóòjọ́, ọjọ́ 7 lọ́sẹ̀. Yálà arúgbó 40 ni ó wà nínú ilé ni o, yálà 200 ni o, wákàtí 8 náà ni. Ní ti iye òṣìṣẹ́ lápapọ̀, ó ní kí wọ́n tó láti ṣe ìtọ́jú tí àwọn arúgbó nílò. Tó! Ọ̀rọ̀ yìí ni àléébù òfin náà. Ẹni tí ń bu oúnjẹ lè sọ pé ó tó. Ẹni tí ebi ń pa ni ó mọ̀ bí kò bá tó.

Ní 2001, ìwádìí tí a ṣe fún ìjọba náà fi iye sí i: wákàtí 4.1 ìtọ́jú fún arúgbó kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ní oṣù karùn-ún 2024, ìjọba gbé ìlànà kan jáde tí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: wákàtí 3.48, nínú èyí tí nọ́ọ̀sì náà yóò ní ìṣẹ́jú 33, tí àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yóò sì ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 27. Àwọn kan lè ní ìṣirò gbígbẹ ni èyí. Lójú tèmi, òun ni gbólóhùn tí ó láàánú jù nínú gbogbo ìwé náà, nítorí pé ó ṣe é kà. Nínú ilé tí arúgbó 100 wà, ó túmọ̀ sí olùrànlọ́wọ́ bí 31 láàárín ọ̀sán àti òru, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ wákàtí 8. Ọmọ tí ó bẹ ìyá rẹ̀ wò lè ka orí, kí ó sì mọ̀ bí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ jẹ. Bí ọwọ́ bá dín, ohun tí kò lè pariwo ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé: sùúrù nídìí oúnjẹ, kí arúgbó lè rọra jẹun, ìrìn lọ sí ilé ìtọ̀, tí wọ́n á fi ìlédìí rọ́pò, ìdáhùn kíákíá sí aago, tí arúgbó á fi dá dìde, tí á sì ṣubú.

Àwọn onílé ní àwọn kò rí òṣìṣẹ́ gbà, pàápàá ní ìgbèríko. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá di ẹrù ènìyàn mẹ́ta lé lórí, tí owó ọ̀yà rẹ̀ sì kéré, kò ní pẹ́ sá lọ. Báyìí ni àìtó òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe ń lé òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin 2025, adájọ́ kan ní Texas fagi lé ìlànà náà. Ní oṣù keje, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sún ìmúṣẹ rẹ̀ di 2034. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé òun pa á rẹ́. Wọ́n padà sí ọ̀rọ̀ "tó".

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Houston àti Maryland ni ó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Nílé, ọ̀pọ̀ òbí wà lọ́wọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ẹni tí yóò tún pa òwe òkété fún òyìnbó kọ́kọ́ ka iye ọwọ́ tí ó wà lẹ́yìn ìyá tirẹ̀.